Takisí Olójé: Ohun tí The Horseless Age Fi Hàn Wá, àti Ohun tó Bò Mọ́lẹ̀

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kọ nǹkan síbí. Ojú ló ń yọ mí lẹ́nu, dókítà sì ní kí n dín ìwé kíkà kù. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì dín in kù.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ló fa ọ̀rọ̀ òní. Ó kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp pé: “Ẹ kú ilé sà, Prof. Àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ tuntun wò lórí YouTube yìí, tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ló ń gbé e fún wọn wà, tó tún ń sanwó hòtẹ́ẹ̀lì wọn, ṣé ẹ máa pe ohun tí wọ́n ń ṣe ní lámèyítọ́?” Ìbéèrè náà dáa, àmọ́ kì í ṣe ìbéèrè tuntun. Ọjọ́ tí ìwé ìròyìn ọkọ̀ dáyé ni òun náà dáyé. Mo wá padà sídìí ìwé ìròyìn kan tí mo fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí nínú kíláàsì, nígbà tí mo bá fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yé rò pé ewì àti ìtàn àròsọ nìkan là ń ṣe lámèyítọ́ fún.

Ìwé ìròyìn náà ni The Horseless Age, tí Edward P. Ingersoll dá sílẹ̀ ní New York ní oṣù kọkànlá ọdún 1895. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló kọ́kọ́ ń jáde, ó di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ní 1899. Kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́ pátápátá ní Amẹ́ríkà, nítorí ìwé ìròyìn The Motocycle ti Chicago fi oṣù kan ṣáájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọdún yẹn yé yín dáadáa. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá 1895 kan náà ni wọ́n sá eré ìje ọkọ̀ ní Chicago nínú yìnyín. Ọ̀nà tí wọ́n rìn kò tó 60 máìlì. Ó gba Frank Duryea, ẹni tó gba ipò kìíní, ní ohun tó ju wákàtí mẹ́wàá lọ, ọkọ̀ méjì péré ló sì parí eré náà. Irú ọjà tí Ingersoll fẹ́ máa kọ̀wé lé lórí nìyẹn! Nínú ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ òun fúnra rẹ̀ gbà pé àwọn kan máa sọ pé ó ti yá jù.

Kódà, nǹkan náà kò tíì ní orúkọ. Ìwé ìròyìn Times-Herald ti Chicago ṣe ìdíje kí aráàlú lè bá wọn wá orúkọ fún un, “motocycle” ni wọ́n mú. Ingersoll ní tirẹ̀ fi ohun tí kò sí lára rẹ̀ pè é: kẹ̀kẹ́ àìlẹ́ṣin, ìgbà àìlẹ́ṣin. Àwa Yorùbá, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìrìn rẹ̀ la wò: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ohun tó ń yọ́ rìn. Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́yìn dánfó rí máa rẹ́rìn-ín sí orúkọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sí kọ̀rọ̀ ọkàn yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ orúkọ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ n mú yín gba Coventry ní England kọjá, kí ẹ lè rí ohun tí Ingersoll ì bá dà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 1895 yẹn kan náà ni The Autocar bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Olóòtú rẹ̀, Henry Sturmey, mọ kẹ̀kẹ́ dunjú, ó sì lè kọ̀wé. Nígbà tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Daimler sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1896, Sturmey wà lára ìgbìmọ̀ olùdarí rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1897 ó wa ọkọ̀ Daimler láti John o' Groats ní ìpẹ̀kun Scotland lókè títí dé Land's End ní ìpẹ̀kun England nísàlẹ̀, ó sì kọ ìtàn ìrìn-àjò náà fún aráyé kà. Mi ò sọ pé ó parọ́ o. Ó rin ìrìn náà lóòótọ́. Àmọ́ ta ni a fẹ́ bi bóyá ọkọ̀ yẹn dáa, ṣé olóòtú ni àbí olùdarí? Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ọmọ mi tó béèrè ọ̀rọ̀ YouTube, wò ó, ti Sturmey ju ti hòtẹ́ẹ̀lì lọ.

Ingersoll náà kì í ṣe áńgẹ́lì. Ìpolówó ọjà àwọn tó ń ṣe ọkọ̀, táyà àti ẹ́ńjìnnì ló ń bọ́ ìwé ìròyìn rẹ̀. Àwọn tó ń kà á sì ni àwọn tó fẹ́ ṣe ọkọ̀, àwọn tó fẹ́ tà á, àti àwọn tó fẹ́ fowó sí i. Nínú ọjà ni ó wà, kì í ṣe lórí òkè tó ń wo ọjà nísàlẹ̀. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ọ̀kan nínú àwọn alátakò tó le jù lọ tí òwò ọkọ̀ ní nígbà náà? Èrò tèmi ni pé kò ní alágbára kan ṣoṣo tó ń bọ́ ọ. Àwọn oníṣẹ́ kéékèèké púpọ̀ ló ń bọ́ ọ, nígbà tí alágbára kan sì dìde tó fẹ́ gbé gbogbo ọjà mì, ohun tó ń pa àwọn oníbàárà Ingersoll lára àti ohun tó jẹ́ òtítọ́ bọ́ sí ojú kan náà. Irú oríire bẹ́ẹ̀ kì í wá fún lámèyítọ́ lójoojúmọ́.

Alágbára náà ni Electric Vehicle Company. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Philadelphia ní 1894, níbi tí Henry Morris àti Pedro Salom ti ṣe ọkọ̀ oníbátìrì kan tí wọ́n pè ní Electrobat. Nígbà tó fi máa di 1897, takisí wọn ti ń gbé èrò ní New York. Isaac Rice ra iṣẹ́ náà, ó sì sọ ọ́ di Electric Vehicle Company lọ́dún yẹn kan náà. Amòfin ni Rice, ó tún nífẹ̀ẹ́ ayò chess débi pé ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà bẹ̀rẹ̀ ayò náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ohun tó kàn wá níhìn-ín ni pé òun kan náà ló ń darí Electric Storage Battery Company ní Philadelphia. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó ń ta bátìrì ló ni takisí tó ń lo bátìrì.

Bátìrì ìgbà náà, òjé àti ásíìdì ni. Gaston Planté, ará Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 1859. (Ọdún tí Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta náà nìyẹn, ọjọ́ ogbó ló ń jẹ́ kí èèyàn máa so irú nǹkan báyìí pọ̀.) Àwa náà mọ òjé: òun ni àwọn apẹja ń so mọ́ etí àwọ̀n kó lè rì. Bátìrì takisí kan tó ìlàjì tọ́ọ̀nù, kì í sì í gbé ọkọ̀ rìn jìnnà kí iná tó tán nínú rẹ̀. Bí ó bá tán, wọn kì í dúró kó tún gba iná. Ọkọ̀ á wọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní òpópónà Broadway, ẹ̀rọ á fa gbogbo bátìrì yọ lódindi, á ti òmíràn tó ti kún wọlé, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ọkọ̀ á ti jáde. Bí a ṣe ń ṣe sílíńdà gáàsì ìdáná nìyẹn: gbé òfìfo wá, gbé èyí tó kún lọ. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni. Àwọn kan ṣì ń polówó rẹ̀ lónìí bí ẹni pé àná ni wọ́n hùmọ̀ rẹ̀.

Ní 1899 ni William C. Whitney àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé. Whitney ti ṣe mínísítà ológun ojú omi Amẹ́ríkà rí, ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro New York ló sì sọ ọ́ di olówó ńlá. Wọ́n fa Albert Pope, ọba oníkẹ̀kẹ́ ti Hartford, mọ́ra kó lè máa ṣe ọkọ̀ fún wọn. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kéde. Wọ́n ní takisí 12,000 làwọn máa kó síta. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ọmọ sílẹ̀ fún Boston, fún Chicago, fún Philadelphia, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìpín ìdókòwò tirẹ̀ tí wọ́n ń tà fún aráàlú. Owó tí wọ́n ń dárúkọ nínú ìwé ìròyìn ga ju ọkọ̀ tó wà lójú títì lọ fíìfíì. Wọn kò sún mọ́ 12,000 yẹn títí ọ̀rọ̀ fi tán.

Ibí ni Ingersoll ti mú bílálà. Ó sọ ilé-iṣẹ́ náà lórúkọ: Lead Cab Trust. Ẹ jẹ́ ká túmọ̀ rẹ̀ bíi Ẹgbẹ́ Ajẹgàba Onítakisí Olójé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gùn jù lẹ́nu wa. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí èyí tó jókòó lásán. “Trust” yẹn, tó yẹ kó jẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé, ni wọ́n ń lò nígbà náà fún àwọn olówó tó para pọ̀ láti dá ọjà mú kí ẹlòmíràn má lè wọlé. “Cab” sọ pé kì í ṣe ọkọ̀ tí ìwọ yóò rà ni, ọkọ̀ tí wọn yóò máa fi gbé ọ ni, kí o lè máa san owó fún wọn títí ayé. “Lead” ló wá lágbára jù. Àwọn tó ń ta ìpín ìdókòwò ń sọ pé ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní, kò ní èéfín, kò pariwo. Olóòtú wa kò bá wọn jiyàn lórí èéfín. Ó kàn ṣí ìdérí ọkọ̀ sókè, ó tọ́ka sí ohun tó wà níbẹ̀, ó ní: òjé ni. Ó wúwo, kì í ṣe góòlù, ọ̀gá yín ló sì ń tà á. Nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ó sọ àbùkù ẹ̀rọ náà, àbùkù owó náà, àti ẹni tí èrè ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo máa ń sọ fún yín ní kíláàsì pé lámèyítọ́ tó dáa kì í pariwo, orúkọ tó bá nǹkan mu ló ń fún un. Èyí ni àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi jù. Orúkọ ìnagijẹ tó bá ti lẹ̀ mọ́ èèyàn ní abúlé, kódà kó joyè, wọn á ṣì máa fi pè é lẹ́yìn. Orúkọ yìí lẹ̀. Àwọn ìwé ìtàn ọkọ̀ ṣì ń lò ó. Nígbà tó di oṣù kejìlá 1899, New York Herald tú àṣírí pé ilé-iṣẹ́ náà fi jìbìtì yá owó kan. Iye owó ìpín ìdókòwò wọn já lulẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹ̀ka Chicago àti ti Boston kógbá wọlé. Ẹni tó bá fetí sí Ingersoll, owó rẹ̀ kù sọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti èyí mo dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí mo ṣe ka àwọn àlàyé olóòtú yìí tẹ̀lé ara wọn, láti 1899 wọ 1900, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í rí mí lára. Ẹjọ́ tó ń rò pín sí méjì, àmọ́ ìdájọ́ kan ṣoṣo ló ń dá. Ẹjọ́ kìíní ni pé àwọn olówó wọ̀nyí ń ta ohun tí wọn kò ní. Ẹjọ́ kejì ni pé bátìrì òjé kò yẹ fún ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì: jíjì tí ọkọ̀ ń jì á máa mú kí pépé òjé inú rẹ̀ hó, ásíìdì á máa ta síta, àtúnṣe rẹ̀ á sì gbówó lórí. Òtítọ́ wà nínú èkejì náà. Ṣùgbọ́n orúkọ tó fún wọn ti so méjèèjì mọ́ra débi pé ẹ̀rí ọ̀kan di ẹ̀rí èkejì. Ọjọ́ tí wọ́n mú Whitney àti àwọn ènìyàn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé jìbìtì lọ́wọ́, bátìrì náà jẹ̀bi pẹ̀lú wọn. Bẹ́ẹ̀ bátìrì kò yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo iye tó wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Ní 1900, ọkọ̀ 4,192 ni wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà. Èyí tí ooru omi gbígbóná ń gbé rìn jẹ́ 1,681, oníbátìrì jẹ́ 1,575, elépo bẹntiróòlù sì jẹ́ 936 péré. Nígbà tí Ingersoll ń sọ pé oníbátìrì kò ní ọjọ́ iwájú, elépo ló kéré jù! Mo gbé oríyìn fún ìgboyà rẹ̀, kò tẹ̀lé èrò ọjà. Àmọ́ iye yìí kan náà fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lórí ìwọ̀n, kò tíì rì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ nígbà náà ì bá béèrè pé: níbo ni bátìrì ti ń ṣiṣẹ́, níbo ni kò ti ṣiṣẹ́, kí ló fà á?

Ìdáhùn kan sì wà nílẹ̀. Ẹ̀ka New York kò kú pẹ̀lú Chicago àti Boston. Ọ̀pọ̀ ọdún ni takisí oníbátìrì tún fi ń gbé èrò níbẹ̀. David Kirsch, onímọ̀ ìtàn, ló la ojú mi sí èyí nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2000: bí wọ́n ṣe ń tọ́jú bátìrì, bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́, àti irú èèyàn tí wọ́n gbà sí i, gbogbo rẹ̀ ló pa pọ̀ ṣe ìyàtọ̀. Ẹ kò nílò ìwé láti mọ èyí o. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ní invertà nílé. Bátìrì kan náà, ọjà kan náà, ọjọ́ kan náà la rà á. Ti aládùúgbò ń lọ ní ọdún kẹrin, tèmi ti kú ní ọdún kejì, nítorí pé àwọn ọmọ ilé ń fi í pọn omi. Èmi náà bú òjé nígbà yẹn. Ẹni tó tún un ṣe ló sọ fún mi pé kì í ṣe òjé, ìlò ni.

Ohun kejì tí orúkọ yẹn bò mọ́lẹ̀ tún le jù. Ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá 1895, oṣù tí The Horseless Age bẹ̀rẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà fún George Selden, amòfin kan ní Rochester, ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọkọ̀ tó ń fi ẹ́ńjìnnì elépo rìn. Ó ti béèrè fún un láti 1879, ó sì mọ bí a ṣe ń fa ọ̀ràn gùn. Ní 1899, ta ló lọ gba ìwé ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ Selden? Electric Vehicle Company ni. Àwọn onítakisí olójé, àwọn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí oníbátìrì, ni wọ́n wá ní àṣẹ tí wọ́n lè fi gba owó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ṣe ọkọ̀ elépo. Ní 1903 àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan para pọ̀ di ẹgbẹ́ lábẹ́ ìwé ẹ̀tọ́ yìí, wọ́n sì gbà láti máa san ìdá 1.25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Henry Ford kọ̀, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ó pàdánù ní 1909. Ní oṣù kìíní 1911 ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé ìwé ẹ̀tọ́ náà fìdí múlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ irú ẹ́ńjìnnì tí Selden júwe kọ́ ni Ford àti àwọn yòókù ń lò.

Àjọ tó fẹ́ dá ọjà mú kò sí nínú òjé mọ́, inú bébà ló ti wà. Orúkọ “olójé” kò lè gbé ẹjọ́ yẹn. Ẹni tí orúkọ yẹn ti kọ́ láti máa wo abẹ́ ìjókòó takisí, kò ní ronú láti wo inú dúrọ́ọ̀ amòfin. Mi ò ní kí Ingersoll mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní 1911. Mo kàn ń sọ pé orúkọ tó mú ojú mọ́ ohun kan ṣinṣin máa ń mú un kúrò lára òmíràn, bí orúkọ náà bá sì ṣe dùn tó ni kíkúrò náà ṣe ń pẹ́ tó.

Ọmọ mi, ó dá mi lójú pé o ti ń retí ìdáhùn. Ọkọ̀ ọ̀fẹ́ kò dáa, mo gbà. Sturmey ni baba wọn. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé bí a bá ti gba hòtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ wọn, lámèyítọ́ ti dé. Ingersoll bu àwọn alágbára jẹ, kò sì jẹ dòdò wọn, síbẹ̀ ìdajì ohun tó sọ ni a ní láti tún yẹ̀ wò. Nígbà tí o bá ń wo àwọn onífídíò yẹn, èyí tó ń yin ọkọ̀ oníbátìrì àti èyí tó ń bú u, bi í léèrè bóyá ọkọ̀ ló ń sọ nípa rẹ̀ ni, àbí ọkùnrin tó ni ilé-iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, lọ́dọ̀ tiwa níbí àti lókè òkun, kò mọ ìyàtọ̀. Èmi náà gbàgbé rẹ̀ nígbà mìíràn tí mo bá ń jiyàn pẹ̀lú àwọn ọmọ mi.

Electric Vehicle Company wọ gbèsè tí kò lè san ní oṣù kejìlá 1907. The Horseless Age ń bá a lọ títí di 1918, kí àwọn tó ni ìwé ìròyìn ọkọ̀ mìíràn tó gbà á mọ́ tiwọn. Nígbà náà ẹṣin ṣì wà lójú títì, ọkọ̀ elépo ti gba ibi gbogbo, ariwo sì ti gba ìgboro. Lọ́dún tó kọjá mo wọ ọkọ̀ oníbátìrì kan fún ìgbà àkọ́kọ́ nílé àbúrò mi ní London. Ó gbéra, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní, “Ṣé ó ti ń lọ ni?” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, a ti dé títì.” Ayọ́kẹ́lẹ́, orúkọ rẹ̀ ti bá a.

Àwọn ìdìpọ̀ ìwé ìròyìn náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ti yà wọ́n ní àwòrán ojú-ìwé kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n, kó bẹ̀rẹ̀ láti 1899. Kó má fo ojú-ìwé ìpolówó ọjà o. Ibẹ̀ lẹ máa ti rí ẹni tó ń sanwó.